Ilé Onítáyà Tó Ju Agbára Ọkọ̀ Raelene Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ìdí ọkọ̀ yín.

Raelene kì í gba "o ò lè" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fẹ́ máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní Longreach, ìlú kan ní Australia tó jìn sí òkun, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó wà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kó ta oko; ó ní òun ò tà. Nítorí náà, nígbà tó lọ ra ilé onítáyà tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ yóò máa fà lọ sí etíkun, èyí tó tóbi jù lọ ló nàka sí, tòun ti ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú.

"Ṣé ọkọ̀ mi á lè fà á?"

Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, bí ẹ bá ti jókòó sídìí sítíárìn, kí ni ò ní í fà?"

Ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú. Ó sanwó, ó so ilé náà mọ́ ìdí ọkọ̀, ó fà á wálé.

Noel àbúrò rẹ̀, tó ń fi tírélà kó màlúù, wo ìdí píkọ́ọ̀pù tó ti rì sílẹ̀, tí imú rẹ̀ ń wòkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ilé yìí, ti òfìfo ni. Ẹ ò tíì pọnmi sí i, ẹ ò tíì kẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn, Noel? Torí mo jẹ́ obìnrin?"

"Ta ló dárúkọ obìnrin? Bí èmi ni mo wà á, á gbé èmi náà ṣubú!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Mò ń lọ."

Ó rọmi kún táǹkì ilé náà, ó kó ìkòkò irin àti àpótí sínú rẹ̀. Merle, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò rí òkun rí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin.

Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò séwu. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, atẹ́gùn rẹ̀ gbá ilé náà. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Raelene tẹ bíréèkì, ilé ń tì í lọ. Sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí igbá òfìfo.

"Raelene, dá a dúró!"

"Kò gbọ́ tèmi! Kò gbọ́!"

Ilé ré sínú kòtò, ó fa ọkọ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Raelene fara pa díẹ̀. Ìbàdí Merle fọ́, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Oko tí Raelene ní òun ò ní í tà, ó tà á, kó lè máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé Noel ni mò ń bá jà, àṣé ìwọ̀n ni," ó ń sunkún.

"Ẹkún kọ́ ni mo ní kó o sun," Merle jágbe mọ́ ọn. "Mi ò tíì rí òkun o!"

Wọ́n ní kí Raelene má wakọ̀ mọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ó ra ọkọ̀ míì àti ilé onítáyà kékeré kan, ó kẹ́rù sí i, ó wọ̀n ọ́n kó tó gbéra. Òun àti Merle dé Yeppoon létí òkun. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ arọ tí Merle jókòó sí kò lè wọ iyanrìn. Òkèèrè ló ti wo òkun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣagídí sí ẹni tó bá ní ẹ ò lè. Mo wà lẹ́yìn yín! Ṣùgbọ́n ẹ má ṣagídí sí ìwọ̀n. Kò mọ obìnrin, kò mọ ọkùnrin. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ yín lè fà, kẹ́ ẹ ka omi, oúnjẹ àti ẹrù mọ́ ìwọ̀n ilé náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.