Awakọ̀ Tó Ń Wá Bẹ́ẹ̀dì

Awakọ̀ ya bọ́ọ̀sì wọ ọgbà ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ó ń kọrin. Àwọn èrò ń gbè é, wọ́n ń fi àwàdà rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“Dírẹ́bà, ibí kọ́ là ń lọ o!”

“Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi.”

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó jó lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń palẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. “Àǹtí nọ́ọ̀sì, àìsàn mi ti padà dé. Oorun ti kọ ojú mi sílẹ̀, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Iná pupa ojú títì ń ṣẹ́jú sí mi! Ẹ gbà mí wọlé kí nǹkan tó bàjẹ́.”

“Àbúrò, mo sọ fún ẹ lánàá. Bẹ́ẹ̀dì ò tó. Ẹni tó bá ti fẹ̀mí èèyàn wewu nìkan là ń gbà.”

“Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ kà wọ́n!”

Àwọn èrò gbọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ò gbà wọ́n mọ́, àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Kò sẹ́ni tó dúró gba ṣéńjì.

“Ṣé ẹnikẹ́ni fara pa?”

“Rárá o, mà.”

“Ara ẹ le nìyẹn.” Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ti ṣófo, ó jókòó síwájú. “Mo ti ṣíwọ́. Já mi sí ìkóríta.”

Awakọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wà á.”

“Èmi tí mi ò mọ ọkọ̀ wà? Ṣé o fẹ́ kí n pa èèyàn ni?”