Irun Tí Ìṣirò Ti Dì Sílẹ̀

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Ìwàlẹ́wà, ìyá rẹ̀ Fẹ́hìntọlá, onídìrí ní Ìsẹ́yìn, di irun kan fún un tí kò dì fún ẹnikẹ́ni rí. Ìlà kan yà sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún yà, títí wọ́n fi tín-ín-rín bí iṣan ewé. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó.

Wọ́n kọ́kọ́ yà ní Ilé Àwòrán, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ló ni irun tí wọ́n dì, bí gbogbo ìyàwó ti ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ ojú ẹ̀rọ sí irun náà.

"Ìyá, tiwa ni. Ẹ ó tú u."

"Ta ló dì í fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó dì í, mà. Ìṣirò kékeré kan ni. Ẹ fi nọ́ńbà kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro òmíràn mọ́ ọn, ẹ dá èsì rẹ̀ padà síbẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣe é láìdúró, àwòrán sì ń bí àwòrán."

Ó ń fẹ ọ̀kan nínú àwòrán náà lójú lórí ẹ̀rọ, títí irun Ìwàlẹ́wà fi yọ níbẹ̀, ìlà fún ìlà. Lójú òfin, àwòrán tó bá ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn, Ilé Àwòrán ló ni ín.

Fẹ́hìntọlá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

"Màámi, ẹ di òmíràn," Ìwàlẹ́wà ń sunkún.

Ìyá ki ìka bọ irun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ibi yòówù tó bá fẹ́ lànà gbà, ẹ̀rọ yẹn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Wé gèlè, ọmọ mi."

Báyìí ni ọmọ onídìrí ṣe mú irun títú lọ sílé ọkọ.