Ìbéèrè Tí Mo Fi Sínú Géèmù

Ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nàka sí mi lójú gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo jí aago tíṣà.

Bí wọ́n ṣe lé mi kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí di òní, n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe géèmù tí èrò máa ń gbá pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdíje ìbéèrè kún un.

"Bàbá mi, ọ̀la ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bá wọn gbá a lónìí."

"Kò burú. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń gbá géèmù."

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sàmì sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kí géèmù tó gbà á.

Mo kọ tèmi: Ta ló jí aago tíṣà? Ẹ̀gbọ́n tàbí Àbúrò?

Mo fẹ́ wò ó bóyá yóò tún nàka sí mi.

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Àbúrò mi, ìjà yìí ti sú mi. Jẹ́ kó jẹ́ èmi."

Ó tẹ Ẹ̀gbọ́n.

Ojú fóònù pọ́n: ó kùnà.

Ọmọ mi wojú mi. "Bàbá mi, àbí ẹ ṣèèṣì fi àmì yẹn sí ibi tí kò yẹ?"

N kò ṣèèṣì.

Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo jí aago yẹn."