Àwọ̀ Ewé Láti Orí Omi

Ìjì ń jà lórí omi, ọkọ mi apẹja sì wà láàárín rẹ̀.

Èmi àti ìyá rẹ̀ dúró níwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn adóòlà ẹ̀mí.

Èmi ni mo ṣe áàpù tó wà lórí fóònù gbogbo apẹja, tó ń tan àmì wọn sórí kọ̀ǹpútà náà. Bọ́tìnì méjì péré, pupa fún ewu, àwọ̀ ewé fún àlàáfíà. Mi ò kọ nǹkan kan sára wọn. Mo ní àwọ̀ kò nílò àlàyé.

Àwọ̀ ewé ni ọkọ mi ń tẹ̀.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé e wá!" Mo di aṣọ ọ̀gá adóòlà mú.

"Ìyàwó, àwọn tó tẹ pupa la ó kọ́kọ́ gbé. Ara olólùfẹ́ yín le, ìfẹ́ yín ló ń pa á bí ọtí tó fi ń tẹ̀ ẹ́ léraléra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ mi fà mí lápá. "Ìyàwó mi, èwo lo ní kí ọmọ mi tẹ̀ tó bá ń pè wá?"

"Pupa ni, Màmá."

"Pupa kẹ̀? Ṣebí pupa la fi ń gé ìpè lórí fóònù! Àwọ̀ ewé la fi ń pe èèyàn."

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Ọkọ mi ti ń pè mí látàárọ̀.

Àwọ̀ ewé rẹ̀ ò tàn mọ́.