Rìmóòtù Rídwàn

Bí atúnrédíòṣe Ìgbògbò ṣe ki bátìrì bọ inú bàálù ìṣeré Rídwàn ni igbe bẹ̀rẹ̀: píì, píì, píì.

Ìyá Rídwàn di etí. "Ẹ ò rí nǹkan? Ojoojúmọ́ ni bàbá Rídwàn ń ki bátìrì bọ̀ ọ́, ojoojúmọ́ ló ń ké."

"Màmá, kì í ṣe ànjọ̀nnú. Ẹ wo pátákó kékeré yìí, òun ló ń darí bí fáànù imú rẹ̀ ṣe ń yí. Wáyà tín-ín-rín yìí ló fi ń gba àṣẹ rìmóòtù. Tí kò bá tíì gbọ́, á máa ké ni. Rìmóòtù tirẹ̀ nìkan ló sì ń gbọ́. Ẹ gbé e wá, á dákẹ́."

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ọwọ́ Rídwàn ló wà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé ní Ìpakodò. Bàálù fóòmù yìí nìkan làwọn apẹja rí lójú omi, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀la ni fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi gé wáyà yẹn, kí ọmọ mi sinmi."

Ọkùnrin náà fi ẹnu pláyà há wáyà. Kò tíì gé e tí igbe náà fi dákẹ́. Ohùn gígùn kan ṣoṣo jáde, fáànù imú bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìyá Rídwàn gba pláyà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣáà ní tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́?"

Obìnrin náà ti gbé fóònù sétí.

"Bàbá Rídwàn, ẹ tètè máa bọ̀."