Ọwọ́ Kílọ́ọ̀ṣì Tó Le

Mẹkáníìkì tún fi ọwọ́ òsì fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù, ó pòṣé. "Ó ṣì le!"

Láti àárọ̀ ni Priscille, tó ni alùpùpù, ti jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Siporex. Fífa kílọ́ọ̀ṣì títí dé ìlú Anyama ń dùn ún lọ́wọ́, ló ṣe ní kó bá òun mú kílọ́ọ̀ṣì fúyẹ́. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù kílọ́ọ̀ṣì náà, ó ti da ọ́ìlì tuntun sí i, ó ti fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde títí ó fi sú u.

"Ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀ jàre!" Ó tún ń wá sípánà.

Priscille fi ìka kan ṣoṣo fà á. "Tonton," ó pè é bí ẹni pe àbúrò bàbá rẹ̀, "ó ti fúyẹ́ bí òwú!"

"Irọ́ ni."

Priscille wò ó. Ló bá ṣe ohun tí ọmọ kì í ṣe sí àgbà: ó na ọwọ́ òsì sí i. "Ẹ fi òsì bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́."

Mẹkáníìkì na ọwọ́ òsì tirẹ̀ náà.

"Ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀ dáadáa."

Àwọn ìka rẹ̀ kàn sùn sínú àtẹ́lẹwọ́ Priscille.

"Mo ti ń fún un pọ̀ látìgbà yẹn," mẹkáníìkì ní. "Àbí kò dùn ẹ́ ni?"