Wáàsí Tí Usamah Kò Gbọ́ Tán

Usamah kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ìkánjú ló ń bá a jà. Bó bá ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, lójú tirẹ̀ ó ti gbọ́ ìparí nìyẹn.

Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ilé àkójọ ohùn kan ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ń gba wáàsí inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ènìyàn ń kó kásẹ́ẹ̀tì wá láti agboolé àti mọ́ṣáláṣí, títí dé Alajue àti Sekona. Wáàsí olóògbé Àlùfáà Zakariyah ló pọ̀ jù, torí pé láyé ọjọ́un, ará ìlú máa ń gbà á láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn fún ara wọn. Iṣẹ́ Usamah ni láti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, kó sì yọ àwọn tó bá jẹ́ ẹ̀dà ara wọn kúrò.

Ọ̀nà kan náà ni Àlùfáà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: á yin Ọlọ́run, á tọrọ ìkẹ́ fún Ànọ́bì, á kí àwọn àgbà. Bí Usamah bá ti gbọ́ ìyẹn, á ní, "Èyí náà nìyí," á sì pa á rẹ́. Ó tún ní kí wọ́n dáná sun kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí àyè lè wà nínú ilé.

Naimat tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún un. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn délẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run."

"Ṣé wáàsí ni kí n máa gbọ́ títí màá fi hu ewú?" ni Usamah fi dá a lóhùn.

Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọdún gbáko parí láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ọ̀gá àgbà yìn ín, orí rẹ̀ wú.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì Fawziyah, ìyá rẹ̀, Àlàájà Sàrátù, opó Àlùfáà Zakariyah, yọ sí wọn.

"Ọmọ mi, mo wá gba ohùn bàbá Fawziyah tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo kó wá fún yín. Oyún ẹ̀ ló wà nínú mi nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ yìgì ẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní báwọn ò bá padà dé, ká gbé e sí i fún un. Wọn ò sì padà dé."

Usamah wá inú kọ̀ǹpútà títí, kò rí i. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti dáná sun àwọn kásẹ́ẹ̀tì. Eérú pàápàá ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló jọ ti àwọn yòókù."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àlàájà ò pariwo. "Ikú pa ọkọ mi, mo gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ohùn wọn tó kù, ta ni kí n sọ fún ọmọ wọn pé ó pa á?"

Wọ́n so yìgì náà. Nígbà tó kan àdúà bàbá ìyàwó, àbúrò Àlùfáà ló ṣe é, Fawziyah sì ń sunkún. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ìlú. Àwọn agboolé wá kó kásẹ́ẹ̀tì wọn tó kù padà, àwọn ọ̀gá àgbà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Usamah. Títí dòní, bó bá wọ ilé kan l'Ẹdẹ láti béèrè ohun àtijọ́, wọn á fún un lómi mu, wọn ò ní fún un ní nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ní í rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kó ohun ìní ọ̀pọ̀ ènìyàn lé lọ́wọ́, kó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò délẹ̀ kó tó sọ pé méjì jẹ́ ọ̀kan. Ká tó sọ nǹkan nù, ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín. Ìyìn oníkánjú kì í pẹ́. Ìtìjú rẹ̀ ló ń pẹ́ nílẹ̀.